Abo Àgbọ̀nrín Tó Hùwo Lórí Sítáǹpù

Ìfun ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ ilé ọdẹ ní Ṣakí kì í mọ ìyà ẹran, ẹ bá mi bi í pé ilé ọdẹ wo ló ń wí. Ní tiwa, bí àwọn ọdẹ àdúgbò bá pa ẹran, tí wọ́n kun ún lábẹ́ igi odán iwájú ilé Olúọdẹ, tí wọ́n pín in tán, ọmọdé kan á gbé àwo wá sílé wa. Ìyá Àgbà á ṣí i, á yọjú wò ó, á pòṣé, á ní, "Wọ́n tún ti kó o dé." Ìfun ni. Ìfun àgbọ̀nrín lónìí, ìfun ẹtu lọ́la, ìfun ọ̀yà lọ́túnla. Èmi ni mo máa ń di orí kan mú kí Ìyá Àgbà lè fún ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, kó tó fi igi ìgbálẹ̀ yí i padà, kó fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi bọ̀rọ̀. Bí mo bá dé ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi á fi àyè gbàràmù sílẹ̀ fún mi lórí bẹ́ńṣì, ẹ ó rò pé ọba ló fẹ́ jókòó. Títí di òní olónìí, bí wọ́n bá gbé ìfun síwájú mi níbi ìnáwó, ńṣe ni mo máa ń dìde, kí wọ́n máa pè mí ní agbéraga. Wọn ò mọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ ìfun ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí bàbá mi ni mo gbé dàgbà, torí pé Kàdúná ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ lòun àti màmá mi ń gbé. Bàbá Àgbà mi, tí èmi ń pè ní Bàbá, jẹ́ ọdẹ, ọdẹ gidi, kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé ìbọn kọ́ èjìká lọ sọ́jà. Kí wọ́n tó bí mi, ó lọ ṣọdẹ ní ọ̀nà Ìjìó, níbi tí igbó ti fẹ́ dé ibodè. Ó rí àgbọ̀nrín kan tó ní ìwo lórí. Akọ ló pè é, torí gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé akọ àgbọ̀nrín nìkan ló ń hùwo. Ó gbé ìbọn sójú, ó ń wá ibi tí yóò yìn ín sí, ni ọmọ àgbọ̀nrín kékeré kan bá jáde látinú koríko, ó ki orí bọ abẹ́ ẹran náà, ó ń mu ọmú. Bàbá sọ ìbọn kalẹ̀. Ọdẹ kì í yìnbọn fún ìyá ọlọ́mọ, èèwọ̀ ni. Ó padà wálé lọ́wọ́ òfo, ó wá sọ ohun tó rí fún wọn. Ká ní ó dákẹ́ ni, igẹ̀ ni ǹ bá fi dàgbà.

Olúọdẹ, ìyẹn olórí àwọn ọdẹ, jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Wọ́n ní ọjọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọdẹ tó bá tàsé ló ń pìtàn. Ó ní, "Abo àgbọ̀nrín hùwo! Tó bá di ọ̀la, wàá ní o rí àkùkọ tó sàba." Lójú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti dájọ́: láti ọjọ́ náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀rí Bàbá lórí ọ̀rọ̀ igbó mọ́, kí ìpín rẹ̀ nínú ẹran ẹgbẹ́, tó jẹ́ igẹ̀ tẹ́lẹ̀, sì di ìfun. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Igẹ̀ ni àyà ẹran. Ẹni tí wọ́n bá ń gbé e fún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n láàrin wọn. Ẹni tó ń gba ìfun, àánú ni wọ́n ń ṣe é. Ìlú wá sọ Bàbá ní Bàbá Oníwo. Àwọn ọmọdé á rí i lọ́nà, wọ́n á fi ìka méjì ṣe ìwo sórí, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí mo bá ní díẹ̀ nínú wọn ni mo lù, mo dín in kù ni.

Ilé wa kì í dákẹ́. Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán ni àwọn awó Ìyá Àgbà ti máa ń han lórí páànù, ìró odó èlùbọ́ á tẹ̀lé e, àwọn obìnrin Fúlàní á sì máa kígbe wàrà lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo ariwo yìí, Bàbá nìkan ni kì í sọ̀rọ̀. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi àkísà nu ìbọn tí kò yìn mọ́, á máa wo ọ̀nà oko. Bí mo bá bi í pé, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ rí i?" á ní, "Lọ pọnmi." Ìyá Àgbà ló ń bá a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò sọ. Òwe kan wà tí Olúọdẹ pa lọ́jọ́ tó dájọ́, pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ìyá Àgbà fẹ́ràn òwe náà ju Olúọdẹ tó pa á lọ. Á ní òun gbà bẹ́ẹ̀, kí òótọ́ sáà tètè wọ mọ́tò máa bọ̀, ìfun ti sú òun. Èmi rò nígbà náà pé ẹran ló ń dun Bàbá. Ọjọ́ ti lọ kí n tó mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ohun tó ń wá ni kó gbà á padà kó tó kú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí ọkà bàbà ti ga ju orí mi lọ, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Kàdúná. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà gun kẹ̀kẹ́ dé, ó nà án sí Bàbá, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹran. Ó ti fẹ́ na lẹ́tà sí mi pé kí n gbé e lọ fún tíṣà tó máa ń bá wa kà á, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sára sítáǹpù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́.

"Ìyá Múdà!" Orúkọ tó ń pe Ìyá Àgbà nìyẹn, nítorí bàbá mi. "Ìyá Múdà o!"

Àwọn awó fò kúrò lórí páànù. Ìyá Àgbà sáré dé pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni.

"Kí lo rí níbí?" ni Bàbá bi í.

Àgbọ̀nrín kan ló dúró lórí sítáǹpù náà, ó pupa, ó ní tótòtó funfun lára. Ọmọ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwo méjì sì wà lórí rẹ̀, wọ́n dúró ṣánṣán.

"Ìwo," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ọmọ yẹn ńkọ́, kí ló ń ṣe?"

"Ó ń mu ọmú."

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ẹ̀rù bà mí, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Ìyá Àgbà sì dúró láàrin wa pẹ̀lú ọmọ odó rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́kún.

Ẹ wá gbọ́ ìranù o: ẹnikẹ́ni ò ka lẹ́tà náà. Bàbá ò gbà kí wọ́n ya á, kí wọ́n má baà ba sítáǹpù jẹ́. Ó fi aṣọ funfun wé e bó ṣe wà, ó tẹ́ ẹ sínú igbá, ó ń gbé e káàkiri ìlú. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Á ní, "Ìjọba ti rí i o! Ìjọba pàápàá ti dé ọ̀nà Ìjìó!" Bí wọ́n bá ní àwòrán lásán ni, á bi wọ́n pé ta ni wọ́n yà sórí sítáǹpù tó wà lára lẹ́tà tó dé ṣáájú. Wọ́n á ní olórí ìjọba ni. Á ní, "Ṣé irọ́ ni orí olórí ìjọba náà?" Wọ́n á yára tú ká, torí ta ló fẹ́ sọ irú ẹ̀ ní gbangba? Olúọdẹ nìkan ni kò mì. Ó ní ẹni tó yà á, ìdí tábìlì ló jókòó sí, kò wọ igbó rí. Kí Bàbá lọ mú ẹlẹ́rìí tó lẹ́nu wá, òun ò gba ẹ̀rí lọ́wọ́ bébà. Èmi sọ lọ́jọ́ náà pé obìnrin ni ewúrẹ́ wa, ó sì ní ìwo. Gbogbo wọn lé mi kúrò níbẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti darúgbó, mi ò tíì rí ẹni tó fún mi lésì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí mọ́tò kékeré kan, irú èyí tí à ń pè ní ìjàpá, fi gúnlẹ̀ síwájú ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eruku bò ó bámúbámú. Ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan jáde nínú rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tó gùn dé orúnkún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá nínú eruku. Ó ní Ìbàdàn lòun ti wá, sítáǹpù kan lòun ń wá. Òun wá a dé Ìsẹ́yìn, òun dé Òkèhò, òun dé Ìpapó, òun ò rí i, àfìgbà tí onígbàjámọ̀ kan ní Ṣakí ní bàbá kan wà tó ń gbé e kiri nínú igbá. Nínú gbogbo àlàyé rẹ̀, "bébà" nìkan ni Ìyá Àgbà mú, ló bá sọ ọ́ ní Oníbébà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nígbà tí Bàbá ṣí igbá, Oníbébà kúnlẹ̀ tì í. Ó yọ ẹ̀mú kékeré kan lápò, ó yọ dígí kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìyá Àgbà rọra gbé ọbẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí iná wọ inú yàrá, ó ní òun ò mọ irú oògùn tí èyí fẹ́ ṣe.

"Ẹ kú oríire, bàbá," ni Oníbébà wí. "Àṣìṣe ńlá ni èyí!"

Bàbá tẹ́tí sí i. "Kí lo pè é?"

"Àṣìṣe, sà. Ẹni tó yà á gbé orí akọ lé ara abo. Kí wọ́n tó rí i, wọ́n ti ta díẹ̀. Wọ́n kó ìyókù nílẹ̀, wọ́n dáná sun ún. Èyí tó wà nínú igbá yín yìí, àwa tí à ń kó sítáǹpù jọ lè tìtorí rẹ̀ má sùn."

"Àṣìṣe," ni Bàbá tún wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tó dára, ta ló ń wá a? Ó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Mo ní ọ̀kan nílé tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ìdí rìn. Mo ní ọ̀kan tí wọ́n ya ọmọ ogun, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Mo ní ọ̀kan tí òjìji igi wà níhà ibi tí oòrùn wà. Bí àṣìṣe kò bá sí lára rẹ̀, mi ò kì í fọwọ́ kàn án."

Ìyá Àgbà yọrí látinú yàrá. "Ṣé àwọn tó ń kó àṣìṣe jọ wà láyé ni? Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó wà níwájú yín yẹn, ẹ gbé òun náà sínú mọ́tò yín."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fa igbá rẹ̀ mọ́ra, ó bò ó. Èmi tí mo wà lọ́mọdé pàápàá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ohun tí ọkùnrin yìí fi ń fẹ́ sítáǹpù náà ni ohun tí yóò tún sọ Bàbá di òpùrọ́. Oníbébà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó, Bàbá gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

"Fi owó rẹ sápò. Màá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́. Dìde lójú àwọn ọdẹ, kí o sọ fún wọn pé ẹran yìí wà nínú igbó."

Oníbébà ní, "Bàbá, bí ẹran yìí bá wà, a jẹ́ pé kò sí àṣìṣe lára sítáǹpù."

"O gbọ́ ọ dáadáa."

"Bí kò bá sí àṣìṣe lára rẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyẹn ò kàn mí."

"Tí mo bá ní ó wà, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Tí mo bá ní kò sí, ẹ ò ní fún mi."

"Ọlọ́pọlọ pípé ni ọ́," ni Bàbá wí. "Jókòó, kí o jẹun."

Ó jẹun. Ìfun ni, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bu sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa béèrè fún ìfun nílé wa. Ìyá Àgbà wò ó títí. Bí ó ṣe di àlejò wa nìyẹn. Ìpàdé àwọn ọdẹ ṣì kù díẹ̀, ó ní òun á dúró rò ó. Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ rò, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòfò, ló bá gbé ẹ̀gúsí fún un kó máa bó o. Á jókòó sórí àpótí nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, á máa bó ẹ̀gúsí, á máa bá ara rẹ̀ jiyàn. Á ní, "Ó wà. Kò sí. Ó wà." Á sì ju èèpo sínú abọ́ tó yẹ kó ju ẹ̀gúsí sí. Mo bi í ní ọjọ́ kan pé kí ló dé tí kì í fẹ́ èyí tó dára. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó dára, ẹ̀rọ ló ṣe é. Èyí tó ní àṣìṣe, ẹnì kan ti sùn lọ nídìí rẹ̀, tàbí ó ń ro ti ìyàwó rẹ̀, tàbí ebi ń pa á. Mo máa ń wò ó bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n." Mo rò pé orí rẹ̀ ò pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà, tí èmi náà ń rán aṣọ tà, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí apá aṣọ tí mo gbé sódì.

Ọjọ́ ìpàdé pé, oòrùn ń ràn ganrínganrín. Àwọn ọdẹ jókòó yí igi odán ká, ìbọn wọn fara ti igi. Àwa obìnrin àti ọmọdé dúró sẹ́yìn ògiri kúkúrú kan. Olúọdẹ ní kí ẹlẹ́rìí Bàbá Oníwo dìde. Oníbébà dìde, òógùn ti mu ún dé ìbọ̀sẹ̀. Ó wo igbá, ó wo ojú Bàbá, ó tún wo igbá. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹran yìí wà. Ẹni tó yà á rí i kó tó yà á." Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Àgbà fún ọwọ́ mi títí mo fi fẹ́ ké.

Olúọdẹ gba lẹ́tà náà. Ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ló bá ní kí Oníbébà yá òun ní dígí rẹ̀. Ó wò ó, ó yí i, ó wò ó. Ó ní, "Ìwo rè é lóòótọ́." Ó na lẹ́tà àti dígí sí Bàbá. "Ẹlẹ́rìí rẹ ti sọ tiẹ̀. Ìwọ náà wò ó dáadáa, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún ẹgbẹ́: ṣé bí èyí tí o rí lọ́nà Ìjìó ṣe rí nìyí?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Kí Bàbá sáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnu rẹ̀ padà sí i lára, kí igẹ̀ máa bọ̀ nílé wa. Àmọ́ ẹ rántí pé ojú lásán ló ti fi ń wo sítáǹpù yẹn láti ọjọ́ tó ti dé. Ìwo ló rí, inú rẹ̀ dùn, kò wo nǹkan mìíràn mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rè é tó máa fi dígí wò ó. Ó sún dígí síwájú, ó sún un sẹ́yìn. Iwájú orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù.

"Rárá," ni Bàbá wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá. Èyí tí mo rí, ìwo rẹ̀ ò tó báyìí. Ọ̀kan gùn bí ìka mi yìí, èkejì sì tẹ̀ wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Èyí dúró ṣánṣán bíi ti akọ. Ẹ sì wo ibi tí ọmọ yìí ki ẹnu bọ̀. Àyà! Wọ́n ya ọmú sáyà, láàrin ẹsẹ̀ iwájú! Àgbọ̀nrín wo ló ń gbé ọmú sáyà bí èèyàn? Ẹni tó ya èyí kò rí àgbọ̀nrín rí, kò rí akọ, kò rí abo, kò rí òkú rẹ̀ lọ́jà. Oníbébà, o ṣeun, ṣùgbọ́n irọ́ lo pa fún mi. Àṣìṣe ni."

"Yéè, mo gbé!" Ìyá Àgbà ké láti ẹ̀yìn ògiri. "Ẹ bá mi di bàbá yìí lẹ́nu! Bàbá Múdà, ẹ gbé e mì! Ẹ gbé e mì!"

Oníbébà ní tiẹ̀ ti fò sókè. Ó gba dígí, ó wò ó, ó kígbe, "Àyà! Olúwa mi, àyà ni lóòótọ́! Àṣìṣe méjì! Kò sẹ́ni tó tíì rí èyí!" Ó dì mọ́ ọdẹ kan tí kò mọ̀ rí, ó ń jó yí igi odán ká nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n bomi sí i lórí, oòrùn ló mú un.

Olúọdẹ ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ojú Bàbá ló ń wò. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Èwo?"

"Èwo kí ni?"

"Ìwo tó tẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ojú wo ló tẹ̀ sí?"

"Òsì," ni Bàbá wí. "Ojú òsì. Ó máa ń ṣẹ́ ojú náà, bóyá ìwo ọ̀hún ló ń gún un."

Olúọdẹ mi orí. Irú ìbéèrè tí ọdẹ máa ń bi ọdẹ tó rí nǹkan nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi Bàbá ní irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ọ̀nà Ìjìó dé. Olúọdẹ yíjú sí ẹgbẹ́, ó ní, "Mo ti dájọ́ púpọ̀ lábẹ́ igi yìí. Mi ò tíì rí òpùrọ́ tó lé ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ lọ." Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ. Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn wọn. Bàbá dìde, ó gba igbá rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó gbà mí léjìká mú, a jọ rìn lọ sílé.

Ó fún Oníbébà ní sítáǹpù náà, ó ní ó ti sọ ohun tí òun ní kó sọ. Oníbébà fi ooru omi gbígbóná yọ ọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìjàpá rẹ̀ lọ. Ìgbà náà la tó ráyè ya lẹ́tà. Tíṣà kà á fún wa: bàbá mi ní màmá mi ti bímọ ọkùnrin, kí Bàbá tètè fi orúkọ ránṣẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ọmọ ọ̀hún ti ń jókòó nígbà náà! Wọ́n ti retí títí, wọ́n ti sọ ọ́ fúnra wọn. Àbúrò mi yẹn ti di bàbá àgbà báyìí, ó ṣì ń bínú pé nítorí àgbọ̀nrín ni kò fi ní orúkọ láti Ṣakí.

Nígbà tí àwọn ọdẹ tún pa ẹran, ọmọdé gbé àwo dé. Ìyá Àgbà ti súnmú láti pòṣé. Ó ṣí i, kò pòṣé mọ́. Igẹ̀ ni, odindi. Èmi ti lọ bu iyọ̀, mo ti gé ọsàn wẹ́wẹ́, torí pé mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà tọ́jú ẹran. Bàbá jẹ tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lọ́nà oko. Mo tún bi í pé, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ rí i?" Kò rán mi lọ pọnmi. Ó ní kí n jókòó, ó sì sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ìró koríko, bí ọmọ ẹran náà ṣe ń fi orí gbá ìyá rẹ̀ níkùn, gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ, kí bàbá àwọn ọmọ mi forí jì mí.

Kò tíì pẹ́ tí ọmọ mi kan mú mi lọ síbì kan ní Ìbàdàn tí àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ti ń pàtẹ ohun tí wọ́n ní. Èmi ò fẹ́ lọ, orúnkún ń dùn mí. Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri títí mo fi kan dígí kan, mo bá dúró. Òun ni. Pupa, tótòtó funfun, ìwo ṣánṣán. Wọ́n fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Àṣìṣe méjì ló wà lára sítáǹpù yìí. Èkíní, wọ́n ya ọmú sáyà. Èkejì, ìwo kan yẹ kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú òsì." Mo kà á, mo tún un kà, mo wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé abo àgbọ̀nrín kì í hùwo. Kò sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ rí mi tí mò ń fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Mà, ẹ má dá bàbá tó ni ín lóhùn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìwo gan-an ni àṣìṣe ibẹ̀. A ti bá a sọ ọ́ títí, ó ní òun mọ ẹni tó rí i. A ò kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nípàdé mọ́. Bàbá Oníwo là ń pè é."

Mo ní kó júwe ilé rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sọ́jà, mo ra igẹ̀ ẹran, mo sè é, mo sì gbé e lọ fún un.